Ta Ni Àrólé D&D 3.5? Ìfiwéra Géèmù Mẹ́rin fún Ẹgbẹ́ Tó Fẹ́ Ṣílọ

Ní oṣù kẹfà ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast gbé ẹ̀dà kẹrin eré ìtàn onídáìsì tó ń jẹ́ Dungeons & Dragons jáde. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ mìíràn, Paizo, gbé ìwé ńlá kan jáde, Pathfinder, ojú ìwé 576, tí orúkọ Dungeons & Dragons kò sí lára èèpo rẹ̀. Àwọn tó ti ń fi ẹ̀dà 3.5 ṣeré láti 2003 wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Èyí tó ń jẹ́ orúkọ bàbá kò ṣe bíi bàbá. Èyí tó ń ṣe bíi bàbá kò jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Bí ọmọ ò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn ọmọ pọ̀, oníkálukú ló sì mú nǹkan kan lára òbí. Bí ẹ bá ní ẹgbẹ́ tó ti fi 3.5 ṣeré pẹ́, tí ẹ wá fẹ́ kó lọ sínú òmíràn láì sọ ohun tí ẹ fẹ́ràn nù, mẹ́rin ni mo fẹ́ gbé ka iwájú yín: ẹ̀dà kẹrin D&D (4e ni mo máa pè é), Pathfinder àkọ́kọ́, 13th Age ti ọdún 2013, àti Pathfinder kejì ti ọdún 2019. Mi ò ní pín ọ̀rọ̀ náà lọ́gbọọgba fún wọn, nítorí láàárín méjì àkọ́kọ́ ni ìjà ogún gan-an wà. Ẹ má bi mí nípa ẹ̀dà karùn-ún. Tajá tẹran ló ti mọ ìyẹn, ọ̀pọ̀ nǹkan ló sì jí mú lára àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ tó ṣáájú.

Fún ẹni tí kò tíì jókòó sídìí eré yìí rí: ẹnì kan ni olùdarí, òun ló ń sọ ohun tó wà nínú ihò àti ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn yòókù, oníkálukú ló di ẹ̀dá kan mú, jagunjagun, oṣó, àlùfáà, olè. Ẹ sọ ohun tí ẹ̀dá yín fẹ́ ṣe, ẹ ju dáìsì olójú 20, ẹ fi òǹkà yín kún un, ìwé òfin á sọ bó ṣe yọrí sí. Nǹkan tó kù, ẹnu ni a fi ń ṣe é.

## Ohun tí mo ń wò lára ọmọ

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé 3.5 ní yàrá púpọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni mo máa ń yọjú sí.

Yàrá kan ni ohun tí ènìyàn ń ṣe nígbà tí eré kò sí. Ó jókòó ti ìwé, ó ń ro bí ẹ̀dá rẹ̀ yóò ṣe rí ní ipele 12 (ipele ni ìwọ̀n bí agbára ẹ̀dá ṣe ń dàgbà), ẹ̀bùn àkànṣe wo ló gbọ́dọ̀ mú lónìí kí òmíràn tó lè ṣílẹ̀kùn lọ́la. Mo mọ àwọn tí wákàtí tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀dá pọ̀ ju èyí tí wọ́n fi lò ó lọ, inú wọn sì dùn bẹ́ẹ̀.

Yàrá kejì ni òwúrọ̀ oṣó. Kí ẹgbẹ́ tó jáde nínú ìtàn, oṣó ti gbọ́dọ̀ yan ọfọ̀ tí yóò lò lónìí, kí ó sì sọ iye ìgbà tí yóò lo ọ̀kọ̀ọ̀kan; ìgbà kan ni à ń pè ní àyè kan. Èyí tó bá ti lò, ó ti lọ. Ẹni tó ro ọjọ́ rẹ̀ dáadáa, ọba ni. Ẹni tó ṣì í rò, ẹ̀yìn ló máa dúró sí, tí á máa fi ọfà kékeré ta ọ̀tá títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ̀kẹta ni kì í tètè hàn sójú. Nínú 3.5, òfin kan náà ló de ẹ̀dá wa àti ọ̀tá wa. Goblin, ọ̀tá kékeré inú ihò, ní ọgbọ́n iṣẹ́, ó ní ẹ̀bùn àkànṣe, ó lè kọ́ṣẹ́ olè títí dé ipele 7, gbogbo òǹkà tó wà lára rẹ̀ ló sì ní ibi tó ti wá. Olùdarí lè ṣírò rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè gẹ́gẹ́ bí ẹni ń ṣírò ẹ̀dá tirẹ̀. Iṣẹ́ tó ń dá ènìyàn lágara ni, mi ò ní purọ́. Síbẹ̀ òun ni egungun ẹ̀yìn ayé yẹn: agbára kan kò sí lọ́wọ́ ọ̀tá tí ẹ kò lè bi í pé níbo lo ti rí i.

## Ẹ kó ẹrù oṣó, ẹ kó ti jagunjagun

Àtòkọ ìyàtọ̀ kì í sọ òótọ́ tó fún mi. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń mú ẹ̀dá méjì tó ti wà nílẹ̀, oṣó ipele 5 àti jagunjagun ipele 5, kí n kó wọn lọ sínú géèmù tuntun. Bó bá gbà mí ní wákàtí kan, ọmọ ilé ni géèmù náà. Bó bá di pé mo ní láti tún wọn bí, a jẹ́ pé ilé mìíràn ni mo wọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọfọ̀ kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, fireball, bọ́ọ̀lù iná tí gbogbo oṣó ń lérí. Bó ṣe rí lọ́wọ́ oṣó ipele 5 nìyí:

| Géèmù | Ìpalára | Iye ìgbà lóòjọ́ |
|---|---|---|
| D&D 3.5 | dáìsì olójú 6 márùn-ún | àyè 1, pẹ̀lú àfikún fún ọpọlọ tó mú |
| Pathfinder 1 | dáìsì olójú 6 márùn-ún | bákan náà |
| D&D 4e | dáìsì olójú 6 mẹ́ta, pẹ̀lú òǹkà ọpọlọ | ẹ̀ẹ̀kan |
| Pathfinder 2 | dáìsì olójú 6 mẹ́fà | àyè 2, pẹ̀lú àfikún ti ilé-ẹ̀kọ́ idán |

Mo yọ 13th Age kúrò níbẹ̀ nítorí pé ipele 10 péré ló ní látòkè délẹ̀. Ipele 5 tirẹ̀ ti jẹ́ àárín ọ̀nà fún akọni tó lórúkọ, kì í ṣe ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra.

Lójú àtẹ yẹn, Pathfinder 1 ni àwòrán bàbá pátápátá. Oṣó yẹn ṣì ń jí ní òwúrọ̀, ó ṣì ń yan ọfọ̀ sínú àyè, iye àyè rẹ̀ kò yí padà: ọfọ̀ kékeré 4, ìpele kìíní 3, ìpele kejì 2, ìpele kẹta 1. Ohun tó yí padà kéré lójú, ṣùgbọ́n ó tóbi lọ́wọ́. Dáìsì ẹ̀mí rẹ̀ kúrò ní olójú 4, ó di olójú 6. Àwọn ọfọ̀ kékeré sì di èyí tí a lè lò láìlópin. Ọfà inú àpò ti di ẹrù tí kò wúlò. Àwọn kan ní ohun rere nìyẹn. Èmi rò pé díẹ̀ lára ẹ̀rù tó ń jẹ́ kí òwúrọ̀ oṣó dùn ló bá a lọ.

Ẹ wá wo 4e. Oṣó ipele 5 ibẹ̀ ní agbára 2 tó lè lò nígbàkígbà, 2 tó ń lò lẹ́ẹ̀kan nínú ìjà kọ̀ọ̀kan, 2 tó ń lò lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, àti 1 fún ìrànlọ́wọ́. Ìwé ọfọ̀ rẹ̀ ṣì wà: ó lè yan ọ̀kan nínú méjì ní òwúrọ̀ fún àwọn ti ojúmọ́, ṣùgbọ́n àpá ibi tí nǹkan ti wà tẹ́lẹ̀ ni. Bọ́ọ̀lù iná fúnra rẹ̀ kò rí roboto mọ́. Nínú 4e, àpótí ojú pátákó ni a fi ń wọn gbogbo nǹkan, àpótí ẹ̀gbẹ́ àti àpótí igun sì jẹ́ 1 kan náà, nítorí náà iná náà ń jó àpótí 7 níbùú, 7 lóòró. Bọ́ọ̀lù onígun mẹ́rin. Nínú 3.5, ẹsẹ̀ bàtà ni a fi ń wọn ọ̀nà, rírìn láti igun sí igun sì ń gba 1, lẹ́yìn náà 2, lẹ́yìn náà 1, kí òbìrìkìtì lè jọ òbìrìkìtì. Ó ń yọni lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó fi ohun tí géèmù náà kà sí hàn.

Ó kan jagunjagun. Ibí ni ojú mi ti máa ń là.

Nínú 3.5, jagunjagun ipele 5 ní ẹ̀bùn àkànṣe 5, bó bá jẹ́ ọmọ ènìyàn ó ní 6, ìyẹn náà sì ni gbogbo ohun tó ní. Ó ń gún, ó ń gún, ó tún ń gún. Ẹ kó o lọ sí Pathfinder 1, ẹ̀bùn á di 6 tàbí 7, á gba ìmọ̀ ìhámọ́ra àti ìmọ̀ ohun ìjà kún un. Ìṣẹ́jú 20 ti tó fún ìyẹn. Ẹ ṣọ́ra fún Power Attack ṣá. Nínú 3.5, ẹ̀yin lẹ ń yan iye tí ẹ fẹ́ yọ kúrò nínú ìṣe-déédéé láti fi kún ìpalára. Nínú Pathfinder, wọ́n ti ti iye náà pa. Lẹ́tà kan náà ni orúkọ méjèèjì, ẹni tí kò ka ìwé dé ìdí á máa ṣe tàtijọ́ títí oṣù mẹ́ta.

Ìwọ̀yá ìjà tún dára jù níbẹ̀. Kí a tó lè di ọ̀tá mú nínú 3.5, ó kéré tán dáìsì mẹ́ta ló máa jà, gbogbo tábìlì á sì wọnú ìwé lọ. Pathfinder sọ gbogbo rẹ̀ di òǹkà kan fún ẹni tó ń dini mú, òǹkà kan fún ẹni tí wọ́n ń dì mú. Wọ́n kó fífojú ṣọ́, fífetí gbọ́ àti wíwá nǹkan pọ̀ sí ọgbọ́n kan náà; ìsápamọ́ àti ìrìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ di ọ̀kan. Irú àtúnṣe tí àwa fúnra wa ti ń ṣe nínú ilé nìyí kí ìwé tó jáde.

Ní 4e, jagunjagun náà ni ẹ ní láti tún bí. Ó ní agbára ìgbàkígbà, ó ní ti inú ìjà, ó ní ti ojúmọ́, gẹ́gẹ́ bí oṣó. Bó bá kọlu ọ̀tá kan, ó ti sàmì sí i: ọ̀tá yẹn ò lè kọjú sí ẹlòmíràn láìjẹ ìyà. Ìbéèrè tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ará 3.5 ni pé kí ló dé tí ọkùnrin tó di idà mú á fi ní ìgúnni kan tí kò lè gún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́. Oṣó lè sọ pé ọfọ̀ òun ti tán. Kí ni idà fẹ́ sọ?

Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ èkejì rẹ̀, nítorí àwọn tó kórìíra 4e kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Nínú 3.5, bí ìpele bá ti kọjá 10 díẹ̀, oṣó ń fò, ó ń pòórá níbí kó yọ lọ́hùn-ún, ó ń ṣí ilẹ̀kùn láìfọwọ́ kàn án, jagunjagun ṣì ń gún. Ọ̀rẹ́ wa tó máa ń di jagunjagun mú máa ń lọ wẹ̀ nígbà tí ìjà bá gbóná, kó tó padà dé a ti ṣẹ́gun. 4e ló kọ́kọ́ fún un ní ìdí tó fi yẹ kó jókòó. Pathfinder 1 kò wo àìsàn yẹn sàn. Ó jogún rẹ̀ pẹ̀lú ilé, ilẹ̀ àti gbèsè.

Bí ẹ bá tún yọjú sí yàrá kẹta, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Goblin ti Pathfinder 1 ṣì ní ibi tí òǹkà rẹ̀ ti wá. Goblin ti 4e, iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe nínú ìjà ni wọ́n fi kọ́ ọ: èyí jẹ́ tafàtafà, èyí jẹ́ asápamọ́-kọlù, èyí sì jẹ́ ọmọ-ogun lásán tí ìgúnni kan ń pa. Olùdarí á fi ìṣẹ́jú 10 múra ohun tó ń gba wákàtí 2 tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń fẹ́ ayé tó ní egungun á sunkún. Ẹni tó ní iṣẹ́ àti ọmọ ní ilé á dúpẹ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí nípa àwọn méjì yìí: Pathfinder 1 ni àrólé. 4e mú orúkọ, ihò, drágónì àti dáìsì olójú 20, ó sì fi wọ́n ṣe géèmù ìjà orí pátákó, géèmù tó dára gan-an. Mo lò ó fún ọdún kan, n kò kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n n kò rí àwọn ẹ̀dá mi àtijọ́ níbẹ̀.

## Bí ogún ṣe dé ọwọ́ ará ìta

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Paizo jí nǹkan. Rárá o. Ní 2000, nígbà tí ẹ̀dà kẹta jáde, èyí tí 3.5 jẹ́ àtúnṣe rẹ̀, Wizards gbé ìwé àṣẹ kan síta tó ń jẹ́ Open Game License, tó fi àyè gba ẹnikẹ́ni láti fi òfin géèmù náà ṣe ìwé tirẹ̀. Bí ìwé ìhágún ni, àfi pé bàbá kọ ọ́ fún gbogbo ayé. Nígbà tí 4e dé, àṣẹ tuntun tó bá a wá há ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Paizo, tó ti ń tẹ ìwé ìròyìn Dragon àti Dungeon fún D&D títí di 2007, ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìtàn tirẹ̀ lórí òfin 3.5. Wọ́n kàn dúró sórí ilẹ̀ tí wọ́n wà ni.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù nìyí: Rise of the Runelords, ọ̀wọ́ ìtàn àkọ́kọ́ wọn, òfin 3.5 ló fi jáde ní 2007. Ní 2012 wọ́n tún un tẹ̀ fún òfin Pathfinder. Ẹni tó ní ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ kò nílò láti ra èkejì. Á máa fi òǹkà dípò òǹkà bí eré ṣe ń lọ.

## Àwọn méjì yòókù

13th Age máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nítorí àwọn tó ṣe é. Jonathan Tweet wà nídìí ẹ̀dà kẹta D&D, Rob Heinsoo ló ṣáájú ẹgbẹ́ tó ṣe 4e. Àwọn tí ọmọlẹ́yìn wọn ń bú ara wọn jókòó papọ̀, wọ́n ṣe géèmù kan. Wọ́n ju pátákó alápòótí nù: ọ̀tá wà lọ́rùn yín, tàbí nítòsí, tàbí lókèèrè, ó parí. Ọgbọ́n iṣẹ́ kò sí. Ẹ ní òǹkà 8 láti pín fún ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀dá yín, kí ẹ kọ "mo ti ṣe adènà ní ààfin" kí ẹ fún un ní 4. Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní ohun kan tí ẹlòmíràn kò ní ní gbogbo ayé. Dáìsì olójú 6 kan wà láàárín tábìlì tó ń fi 1 kún un ní ìyípo kọ̀ọ̀kan láti ìyípo kejì títí dé 6, òǹkà rẹ̀ sì ń wọ inú ìkọlù àwọn akọni, nítorí náà ìjà kì í pẹ́ kó tó fẹ́ parí.

Ìdánwò ẹrù kíkó? Òǹkà oṣó mi kò bá a lọ rárá, ṣùgbọ́n oṣó náà fúnra rẹ̀ lọ. Ohun tó ti ṣe, ẹni tó ń bínú sí i, bó ṣe sá kúrò ní ìlú, gbogbo rẹ̀ rí àyè jókòó. Yàrá àkọ́kọ́ ló wó: kò sí ohun púpọ̀ láti fi alẹ́ ọjọ́ ajé ṣírò.

Pathfinder 2 yàtọ̀ sí ìyẹn. Yàrá àkọ́kọ́ ibẹ̀ tóbi ju ti bàbá lọ; ẹ̀bùn ìran, ẹ̀bùn iṣẹ́, ẹ̀bùn ọgbọ́n, ẹ̀bùn gbogboogbò, ipele kan kì í kọjá láìyan nǹkan. Oṣó ṣì ń fi ọfọ̀ sínú àyè ní òwúrọ̀. Lórí tábìlì, ìṣe 3 ni oníkálukú ní nígbà tó bá kàn án, ẹni tó bá sì fi 10 kọjá iye tí wọ́n ń wá á ṣe é dé góńgó. Bọ́ọ̀lù iná ń gba ìṣe 2. Jagunjagun ti di ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù láti ipele 1. Ọ̀tá kò sí lábẹ́ òfin ẹ̀dá mọ́, gẹ́gẹ́ bíi 4e, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn tó sá fún 4e kò pariwo tó bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀.

Ohun tó dùn mí díẹ̀ ni ọdún 2023. Ní oṣù kìíní, ìròyìn jáde pé Wizards fẹ́ yí Open Game License padà. Ariwo ta, wọ́n padà sẹ́yìn, wọ́n tilẹ̀ fi òfin ẹ̀dà karùn-ún sábẹ́ Creative Commons. Ṣùgbọ́n Paizo kò dúró. Ní oṣù kọkànlá wọ́n tún ìwé wọn tẹ̀ lábẹ́ àṣẹ mìíràn, wọ́n sì fọ ọ̀rọ̀ bàbá kúrò lẹ́nu: ìwà rere àti búburú onílà mẹ́sàn-án lọ, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ọfọ̀ àtijọ́ lọ, ọfọ̀ tó ń jẹ́ magic missile di force barrage. Àrólé tó di ara bàbá mú ní 2009, òun náà ló pààrọ̀ oríkì ní 2023.

## Ilé mìíràn, ogún mìíràn

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìdánwò mi bá gbogbo géèmù mu. Ẹ wo Vampire: The Masquerade, géèmù tí oníkálukú ti ń di òkú amùjẹ̀ mú, tó jáde ní 1991. Ní 2004 wọ́n parí ìtàn ayé rẹ̀, wọ́n sì gbé Vampire: The Requiem rọ́pò. Dáìsì olójú 10 ṣì wà ní ọwọ́, òfin tilẹ̀ mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀yà 13 di 5, orúkọ 3 lára wọn, Gangrel, Nosferatu àti Ventrue, ṣì jẹ́ ti àtijọ́. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ kọ̀ ọ́, nítorí pé ogún ilé yẹn kò sí nínú dáìsì. Ìtàn ni: ta ló da ta, ta ló ń sùn nínú ilẹ̀ tí yóò jí. Nígbà tí ẹ̀dà karùn-ún Masquerade dé ní 2018, ó fi dáìsì ebi rọ́pò kíka ẹ̀jẹ̀, ìyípadà ńlá nínú òfin, ṣùgbọ́n ó dá orúkọ àti ìtàn padà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kẹ̀yìn sí Requiem ló bá a lọ.

Ẹ kọ́kọ́ bi ẹgbẹ́ yín: kí ni wọ́n ń sọ lẹ́yìn eré? Bó bá jẹ́ "ṣé o rí bí mo ṣe to ẹ̀bùn mẹ́ta yẹn," inú òfin ni ogún yín wà. Bó bá jẹ́ "ṣé o rántí ọjọ́ tí ọba yẹn purọ́ fún wa," inú ìtàn ló wà, ẹ sì lè pààrọ̀ òfin bí ẹ ṣe fẹ́.

## Èwo ni kí ẹ mú

Bí ìtàn yín ṣì ń lọ, tí ẹ wà ní ipele 6 tí ẹ kò fẹ́ kí ohunkóhun já, Pathfinder 1. Ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹ kàn fi ipele 12 parí ìtàn náà kí oṣó tó gba ayé.

Bó bá jẹ́ kíkọ́ ẹ̀dá lẹ fẹ́ràn, tí ẹ sì ti ṣetán láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, Pathfinder 2. Bí olùdarí yín ti rẹ̀, tí ẹ̀yin sì ń rántí ìtàn ju òǹkà lọ, 13th Age.

4e wà fún ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn ìjà, tó ní pátákó, tí gbogbo wọn á gbà pé géèmù tuntun ni àwọn ń kọ́. Ẹ má gbé ẹ̀dá àtijọ́ wọ ibẹ̀.

Àwa fi Pathfinder 1 parí ìtàn tiwa, a sì ṣí 13th Age lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa jagunjagun nìkan ni kò gbà. Káàdì agbára 4e rẹ̀ ṣì wà nínú àpò tó fi ń gbé dáìsì wá, ó sì máa ń tò wọ́n sórí tábìlì kí eré tó bẹ̀rẹ̀.